Ìdàrọ́ Tí Òjò Pa

Sàrátù ti ká ẹní náà dé ìdajì kí ìka rẹ̀ tó kan ohun tó tutù. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá abẹ́ ẹní. Ìyẹ̀fun dúdú lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fún un, ó di ìṣù kékeré, kò sì tú.



Ọjọ́ kẹsàn-án rèé lẹ́yìn tí òjò rọ̀ ní Jẹ́dà, tí òrùlé àwọn Tákárínà jò. Tákárínà ni àwọn ará ìlú ń pe àwọn ènìyàn dúdú tó wá ṣe hájì tí wọn kò padà sílé mọ́. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni ejí rí lejí ń pa. Ìyẹ̀fun tí Sàrátù gún kalẹ̀ ni ejí rí lọ́jọ́ náà. Ó sá a sórí ẹní yìí fún ìdajì ọjọ́. Òkè rẹ̀ gbẹ, ó sì mọ̀ pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Nígbà tí Salem, awakọ̀ tó ń wá kó ìyẹ̀fun, dé, tó ń tẹ fèrè lẹ́nu ọ̀nà, ó rọ ọ́ sínú àpò, ó di ẹnu rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdàrọ́ irin ni. Níbi iṣẹ́ Àjàmú ọkọ rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó ń jó irin mọ́ irin láìjẹ́ kí ojú rí iná rẹ̀. Wọn a da ìyẹ̀fun bo ibi tí irin méjì ti pàdé, iná a máa jó lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹ̀fun tó bá yọ́ a dì sórí irin bí ìgò dúdú, òun ni ìdàrọ́. Wọn a gbá a kúrò, wọn a lọ dà á nù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ogun ti dí ọ̀nà omi Sùẹ́sì, ọkọ̀ tó ń gbé ìyẹ̀fun tuntun bọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá. Adil, ẹnjiníà wọn, ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò máa gún ìdàrọ́ náà, kí àwọn pò ó mọ́ ìwọ̀nba tuntun tó kù. Àjàmú ní kò sí ohun tí ìyàwó òun kò lè gún. Sàrátù ń gún un nínú odó irin, ó ń jọ̀ ọ́, ó ń fi òòfà ṣa èérún irin inú rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni Adil fi rán Àjàmú sí i, Àjàmú sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe mọ̀: “Má jẹ́ kí omi kàn án. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, irin á hó bí epo àkàrà, ihò á sì wà nínú rẹ̀ tí ojú ò ní tètè rí.”

Àpò ọjọ́ òjò yẹn wà lára èyí tí wọ́n fi jó táǹkì omi tí wọ́n gbé lọ sí Mẹ́kà, sí ilé tí àwọn àlejò Ọlọ́run tó wá ṣe hájì ń wọ̀ sí ní àdúgbò Misfalah. Òní ni wọn yóò kọ́kọ́ rọ omi sí i. Àjàmú ti bá wọn lọ láti ìdájí.

Sàrátù jókòó ti ẹní náà. Kò ní ìkámà, ìwé tó ń fún àjèjì láyè láti gbé ìlú. Ìwé hájì rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ara ta ni èyí? Orí òpó mẹ́rin ni wọ́n gbé táǹkì náà lé, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn obìnrin yóò ti máa tò pọn omi. Ó dìde, ó wọ abáyà rẹ̀ láìfọ ọwọ́.

Ní Ṣùmáísì, lójú ọ̀nà Mẹ́kà, ọlọ́pàá dá bọ́ọ̀sì tó wọ̀ dúró. Ó yẹ ìwé àwọn ọkùnrin wò, ó wá dé ọ̀dọ̀ Sàrátù.

“Èyí ti kú.”

“Mo mọ̀.”

“Níbo lò ń lọ?”

Irọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti tò ó láti Jẹ́dà: ìyá àgbà kan ló ń ṣàìsàn. Kò jáde. “Ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni. Iṣẹ́ tí mo ṣe kò dára, ó sì lè pa á.”

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú dé ọrùn ọwọ́. Ó ti ìwé náà bọ àpò ara rẹ̀. “Kí kàfíìlì rẹ, ẹni tó dúró fún ọ, wá gbà á kí oòrùn tó wọ̀. Bí kò bá wá, a ó wá ọ rí.”

Bọ́ọ̀sì gbéra. 

Nígbà tó dé Misfalah, omi ti kọjá ìdajì. Àwọn òṣìṣẹ́ fara ti ògiri lókèèrè. Àjàmú nìkan ló dúró lábẹ́ táǹkì, ó gbójú sókè.

“Ẹ dá omi dúró!” Èdè Lárúbáwá ló fi pariwo, kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Àjàmú yíjú padà. “Sàrátù! Ta ló ní kí o wá?”

“Àlàájì, ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀.” Ó kọjú sí Adil ẹnjiníà. “Àpò tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì òjò, omi wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀, mo sì dì í.”

Adil kò bínú lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ó bi Àjàmú pé èwo lára àwọn ojú tí wọ́n jó ni wọ́n fi àpò náà ṣe. Àjàmú nàka sí ìsàlẹ̀, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ.

Adil gun àkàbà, ó fi irin ha ọ̀dà tútù tí wọ́n fi kun ojú náà kúrò. Ohun kan funfun wà nínú ihò kan, tó dà bí ẹyin kòkòrò. Ó fi ṣóńṣó ìṣó tọ́ ọ. Omi tú jáde bí okùn tín-ín-rín, ó dà sórí ọwọ́ rẹ̀. Ó tọ́ ìkejì, ó tọ́ ìkẹta. Ó gbóòórùn ohun tó yọ. “Ọṣẹ,” ni ó wí. Ó sọ èérún rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ síwájú Sàrátù.

Sàrátù mọ ọṣẹ náà. Ọṣẹ ìfọṣọ rẹ̀ ni, èyí tí ìdajì rẹ̀ pòórá lórí àwo lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí òun sì ti ń ṣépè fún eku nítorí rẹ̀ títí di àná.

“Ta ló ṣe èyí?” Adil bèèrè.

“Èmi ni,” Àjàmú wí. “Mo rí àwọn ihò náà lọ́jọ́ tí a jó o.”

“O sì dákẹ́?”

Àjàmú kò wo Adil. Yorùbá ló fi dáhùn, bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ ló bi í. “Wọn ìbá bèèrè ẹni tó gún un.”

Adil sọ̀kalẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò sókè, èyí sì dẹ́rù ba Sàrátù ju ariwo lọ. Ó ní kí wọ́n tú omi dànù, kí wọ́n gbé táǹkì padà sí Jẹ́dà, kí wọ́n gé ojú náà, kí wọ́n tún un jó. Àjàmú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́ títí òun yóò fi sọ̀rọ̀. Ìdàrọ́ ni kó máa gbá. Ó wá kọjú sí Sàrátù. “Háájà, láti òní lọ, yan án lórí iná kí o tó dì í.”

Sàrátù sọ fún un nípa ìwé rẹ̀ tó wà ní Ṣùmáísì. Adil nu ojú rẹ̀. “Èmi kọ́ ni kàfíìlì. N óò tẹ̀ lé yín débẹ̀, n óò sọ ohun tí mo rí. Bóyá wọ́n á gbọ́.”

Ẹ̀yìn ọkọ̀ Salem ni tọkọtaya náà jókòó sí, Adil wà níwájú. Oòrùn ti ń rọ̀ lórí àwọn òkè. 

“Láti ọjọ́ wo lẹ ò ti sùn, Àlàájì?”

“Láti ọjọ́ tí a jó o. Mo ń rọra mí kí n má baà jí ọ.”

Sàrátù wò ó. Òun náà ti ń rọra mí. Gbogbo òru wọ̀nyẹn, ó ti kọjú sí ògiri, ó ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó sì ń jowú rẹ̀ pé ó ń sùn.

Níwájú wọn, ní Ṣùmáísì, ọlọ́pàá kan jáde sí ojú títì, ó gbé ọwọ́ sókè. Ọkọ̀ rọra dúró. Àjàmú kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó dúró de Sàrátù.