Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ Gúnlẹ̀ Lójú Sánmà

Ká sòótọ́, àgbàlagbà tó ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin kò ní nǹkan kan tó ń wá lójú sánmà. Síbẹ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tí à ń sọ yìí, ibẹ̀ gan-an ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wà, tòun ti sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ife tíì tó ti tutù. Ó jókòó sí yàrá tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi sílẹ̀ lọ, níwájú kọ̀ǹpútà tí ọmọ náà kò lè gbé dání, páàdì géèmù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níta. Ó ti fa aṣọ fèrèsé pọ̀, tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ayé tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà nìkan ló ń tàn sí i lójú. Ayé yẹn rọra ń yí. Òkun kọjá, aṣálẹ̀ kọjá, àwọsánmà bí òwú tẹ̀ lé wọn, kò sì sí ariwo kankan. Bí wọ́n bá ní kó máa wò ó bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀la, kò ní kọ̀.

Géèmù ni o. Orí bàbá yìí pé. Ọdún méjìlélógójì ló fi wa ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò láti etí odò kan bọ́ sí èkejì kó tó fẹ̀yìn tì, ibi iṣẹ́ ni wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Jẹ́jẹ́. Bó bá ń gúnlẹ̀ sí èbúté, ẹni tó ń sùn nínú ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé wọ́n ti dé. Àwọn awakọ̀ yòókù a máa la ọkọ̀ mọ́ èbúté gbàgà, èrò á ṣubú lu ara wọn, àgbà á máa bú ọmọdé. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Á máa sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu pé, "Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́," títí igi á fi kan igi.

Nínú géèmù yìí, ọkọ̀ kékeré kan ni tirẹ̀, kò ju kí èèyàn méjì fún ara wọn mọ́ inú rẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ ní ibùdó ńlá kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀ lókè níbẹ̀, yàrá lórí yàrá. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò le lẹ́nu: kí òrùka tó wà ní imú ọkọ̀ bàbá wọ inú òrùka tó wà lára ibùdó ọmọ. Bó bá ti wọlé, ilẹ̀kùn á ṣí, àwọn méjèèjì á lè jókòó sí yàrá kan náà níwájú fèrèsé gbàgàdà, kí wọ́n máa wo ayé. Sátidé mẹ́fà ni wọ́n ti fi gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n sì tase ara wọn. Ojú sánmà kò ní bíréèkì. Omi odò máa ń bá èèyàn di ọkọ̀ mú, ṣùgbọ́n níbẹ̀ yẹn, bó o bá ta ọkọ̀ síwájú, iwájú ni yóò máa lọ láìdúró, àfi bó o bá fi epo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lójú. Ó pẹ́ kí ọwọ́ awakọ̀ odò tó gba ìyẹn gbọ́.

Kì í ṣe eré ló gbé bàbá dé ìdí géèmù. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ yìí, tó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì nínú yàrá ẹ̀rọ ọkọ̀ bàbá rẹ̀, gba iṣẹ́ lórí ọkọ̀ òkun ńlá kan. Inú bí bàbá. Ó ti fọkàn sí i pé ọmọ òun ni yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ náà. Lójú gbogbo èrò, lórí èbúté, ó na ìka sí i, ó ní, "Tó o bá fi lè gun ọkọ̀ yẹn, má padà wá bá mi mọ́." Ọmọ tó gbọ́ràn ni ọmọ náà, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, kò padà wá. Ìyá rẹ̀ ló máa ń pè. Bó bá fẹ́ dágbére, á ní, "Ẹ bá mi kí Bàbá," bàbá á sì ti yàrá kejì dáhùn pé kí wọ́n bá òun náà kí i. Ọ̀rọ̀ wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ fún odidi ọdún mẹ́rin. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá mọ òwe yẹn tipẹ́, ó máa ń pa á fún àwọn ẹlòmíràn.

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ló wá ọgbọ́n dá sí i. Ó gbọ́ lẹ́nu ọmọ pé géèmù yìí ló fi ń simi lẹ́yìn iṣẹ́, ó bá ní kí bàbá tan kọ̀ǹpútà yẹn kí eku má baà sọ ọ́ di ilé. Báyìí ni bàbá àti ọmọ ṣe ń pàdé lójú sánmà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí wọn kì í sì í sọ nǹkan kan àyàfi ọ̀rọ̀ iṣẹ́. "Ẹ dín eré kù, sà." "Mo ti dín in kù." Inú bàbá a máa dùn sí ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé lọ́jọ́ tí àwọn bá jókòó sí yàrá kan náà lókè yẹn, òun á tọrọ àforíjì. Lójú tirẹ̀, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jù láti ọkọ̀ kan sí èkejì. Ìjókòó ló ń fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ìjókòó orí afẹ́fẹ́.

Òní sì ni ìparí. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọkọ̀ ọmọ náà, tó ti wà ní èbúté òkèèrè kan láti bí oṣù méjì, á ṣí lọ sí àárín òkun, ibi tí nẹ́tíwọ̀kì kì í dé, ó sì di oṣù mẹ́jọ. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin kì í fi oṣù mẹ́jọ ṣeré. Epo tó kù nínú ọkọ̀ bàbá pàápàá kò ju èyí tó lè fi gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì lọ.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ohùn ọmọ náà jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀ ni.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìrọ̀lẹ́ ti dé níbí o."

"Ó dáa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, sà. Igba mítà lẹ wà sí ibùdó."

"Mo rí i."

Ìyá náà wọlé, ó gbé ẹ̀wù kan lé itan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Kò dá sí wọn. Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ páàdì fẹ́ẹ́rẹ́, ibùdó ọmọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi lójú kọ̀ǹpútà. Ọgọ́rùn-ún mítà. Àádọ́ta. Oòrùn yọ létí ayé, ó da wúrà sára irin ibùdó náà, bàbá sì gbàgbé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ pé inú yàrá lòun wà. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ogún mítà. Òrùka wà lọ́gangan òrùka. Nígbà tó ku mítà mẹ́wàá, òrùka ọ̀hún yẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. Bàbá lé e, ó lé e jù, ó fẹ́ dá a padà, ọkọ̀ rẹ̀ sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ ibùdó kọjá lọ bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ tí kò kí i.

"Ó ti bọ́," ni ọmọ náà wí.

"Ọwọ́ mi ni," bàbá dáhùn, ó sì ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé wọ́n yá a ni. "Ọwọ́ ti darúgbó."

"Ọwọ́ yín kọ́," ìyá náà wí láìgbójú sókè. "Ó ti di Sátidé kẹta tí mo ti ń wò yín. Ilé tó yẹ kó dúró jẹ́ẹ́ yẹn, kì í dúró. Bẹ́ ẹ bá ti fẹ́ débẹ̀ báyìí, á sún wá. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ránṣọ, mi ò tíì rí abẹ́rẹ́ tó dìde lọ pàdé òwú rí."

Bàbá sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ṣé òótọ́ ni?" bàbá bi í. "Ṣé o máa ń sún ni?"

"Díẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa jókòó gẹlẹtẹ, kí ẹ̀yin wá máa rìn bọ̀ wá bá mi. Ọwọ́ mi ló máa ń tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀. Mo rò pé bí mo bá sún díẹ̀, màá lè dín wàhálà yín kù."

Ẹ ò rí nǹkan. Àwọn tó ṣe géèmù yẹn ro ti epo, wọ́n ro ti oòrùn àti òjìji, wọn ò ro ti ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé pé kó dìde lọ pàdé bàbá rẹ̀ bó bá ti ń rí i bọ̀ lókèèrè. Ẹ̀ẹ̀meje ni ọ̀wọ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́ fún wọn, kò sì sẹ́ni tó fura àfi aránṣọ.

Bàbá yí ọkọ̀ padà. Ó gba àkókò, nítorí ó ń ṣọ́ epo lò bí ẹni ń ṣọ́ iyọ̀. Wọ́n jùmọ̀ kọjá lórí òkun kan tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ilẹ̀ nínú rẹ̀ rárá, bàbá sì ń rò ó pé bóyá irú ibẹ̀ ni ọmọ òun ń lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àánú ara rẹ̀ ṣe é. Ó tún padà wà ní ọgọ́ta mítà.

"Gbé ọwọ́ kúrò lára páàdì," ó wí.

"Mo ti gbé e kúrò, sà."

Nígbà tó ku mítà márùndínlógójì, òrùka yẹ̀. Kò ju kékeré lọ, ṣùgbọ́n ojú awakọ̀ rí i.

"Ọmọ mi."

"Ẹ má bínú, sà," ni ọmọ náà wí. "Mi ò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n máa bọ̀. Èmi ló yẹ kí n wá."

Bàbá ṣe ohun tí awakọ̀ kankan kò ní ṣe pẹ̀lú ìwọ̀nba epo tó kù: ó dá ọkọ̀ dúró. Ìdajì epo náà lọ sórí ìyẹn. Àwọn méjèèjì wá dúró síbẹ̀, ọgbọ̀n mítà síra wọn, ayé ń yí lábẹ́ wọn. Ìjókòó tí bàbá ti ń pèsè sílẹ̀ látọjọ́ yìí kò ní ṣẹlẹ̀ bí kò bá kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tó torí rẹ̀ ń wá ìjókòó. Ẹ̀rù bà á. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

"Kì í ṣe ìwọ ló yẹ kó wá," ó wí. "Èmi ni mo ní kó o má wá mọ́. O ò ṣẹ̀ mí. O ríṣẹ́ tó dáa, èmi tí mi ò kọjá odò kan ṣoṣo rí wá ń fi ìlara bú ẹ lójú èrò. Mo jẹ̀bi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ẹni tó bá jẹ̀bi ló ń dìde lọ bá ẹnì kejì rẹ̀, kò sí ti àgbà níbẹ̀. Torí náà, jókòó. Jẹ́ kí n wá bá ẹ."

Abẹ́rẹ́ ìyá náà dúró nínú ẹ̀wù. Láti inú kọ̀ǹpútà, wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan fa imú, wọ́n sì gbọ́ ìró ike lórí pákó.

"Mo ti gbé páàdì sórí tábìlì, sà," ni ọmọ náà wí. "Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí itan mi."

Bàbá ta ọkọ̀ síwájú. Ogún mítà. Òrùka ọ̀hún kò mì. Mẹ́wàá. Kò mì. Nígbà tó ku mítà mẹ́rin, iná pupa tàn: epo ti tán. Bàbá tẹ páàdì, kò sí ohun tó dáhùn. Ó wá rántí ibi tó wà. Ohun tó bá ti ń lọ níbẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Òun náà gbé páàdì sílẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera, ó sì ń wo bí ọkọ̀ ṣe ń dá gbé e lọ, mítà mẹ́ta, méjì, díẹ̀díẹ̀, bí oorun ṣe ń gbé ọmọ lọ. Òrùka wọ òrùka. Ìró kékeré kan dún, kò ju ti kọ́kọ́rọ́ lọ, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Èèyàn tó jẹ́ ti ọmọ náà nínú géèmù dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ funfun ràgàjì, ojú rẹ̀ kò hàn.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá mi," ni ọmọ náà wí. "Ẹ kú ìrìn."

Ọdún méjìlélógójì ni bàbá fi gbé àwọn èèyàn lọ bá àwọn tó ń dúró dè wọ́n. Bó bá gúnlẹ̀ tán, ìyá á dì mọ́ ọmọ, ọkọ á gba ẹrù lọ́wọ́ aya, ẹ káàbọ̀ á gba gbogbo èbúté, òun á sì yí ọkọ̀ padà. Kò sẹ́ni tó kí awakọ̀ káàbọ̀ rí. Ó bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ bí àlejò tó fẹ́ wọlé.

"Ẹ dá a lóhùn," ìyàwó rẹ̀ wí pẹ̀lẹ́. "Ọmọ ń kí yín."

"Òo," ni bàbá wí níkẹyìn. "Mo ti dé."