Ojú Wosilat Lára Ògiri

Ọdún méjìlá ni Ọláfúnkẹ́ fi ya àwòrán ìgbéyàwó àti ìkómọ ní àdúgbò Kabala Costain kí ilé ìwòsàn kan tó gbà á síṣẹ́ pé kó wá dá ẹ̀ka tí yóò máa ya àwòrán àwọn aláìsàn sílẹ̀. Yàrá tí wọ́n ń kó ibùsùn tó ti bàjẹ́ sí ni wọ́n fún un. Ó kun ògiri rẹ̀, ó wọn ibi tí iná yóò wà, ó sì kọ ètò rẹ̀ sínú ìwé: aláìsàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó yà á, káàdì kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí irin tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì. Dókítà Oyèdélé, ọ̀gá rẹ̀, kà á, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n àpótí ṣì lè dúró. Àwòrán ni òun kọ́kọ́ fẹ́ rí.

Wosilat ni ẹni àkọ́kọ́ tó yà. Ọkọ rẹ̀ ló da omi gbígbóná sí i lára ní Kudenda. Láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé èjìká ló bó. Ó ti sá kúrò nílé, ará ilé ọkọ kankan kò sì mọ ibi tó wà. Kó tó gbà, ó di ọwọ́ Ọláfúnkẹ́ mú.

"Àǹtí, ṣé dókítà nìkan ló máa rí i?"

"Òun nìkan ni."

Ní ọjọ́ kẹta, Ọláfúnkẹ́ wo inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, kò rí káàdì. Hàjàrá, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù, ló sọ fún un pé Dókítà ti mú un lọ síbi ìpàdé ìgbìmọ̀ aláṣẹ lókè. Ó sáré gun àtẹ̀gùn. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ojú Wosilat ló kún ògiri níbi tí ẹ̀rọ ń tan àwòrán sí. Alàgbà kan láti Malali, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, ti dìde.

"Ìyàwó àbúrò mi nìyí," ó ní. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tá a ti ń wá a."

Ó mú fóònù, ó jáde.

Ọláfúnkẹ́ kò dúró gbọ́ àwáwí Dókítà. Ó lọ bá Wosilat ní wọ́ọ̀dù, ó sọ òótọ́ fún un, pé wọ́n ti rí ojú rẹ̀, pé ọkọ rẹ̀ lè ti wà lọ́nà. Wosilat kò sunkún. Híjáàbù rẹ̀ nìkan ló bèèrè. Hàjàrá mú un gba ilẹ̀kùn ilé ìdáná jáde, kẹ̀kẹ́ sì gbé wọn lọ sí ilé ìyá Hàjàrá.

Nígbà tí Ọláfúnkẹ́ padà sí yàrá rẹ̀, ọkùnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó dìde, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní àárò ìyàwó òun ń sọ òun, kí ó jọ̀ọ́ bá òun tẹ ẹ̀dà kan àwòrán rẹ̀. Ọláfúnkẹ́ ní òun kò ní àwòrán kankan. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kò burú, mà. Àdúgbò wo lẹ̀ ń gbé ná?"

Ọláfúnkẹ́ mú fóònù, ó pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìwòsàn. Ọkùnrin náà tún jókòó, ó ń wò ó títí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi dé tí wọ́n mú un jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà Oyèdélé fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí irin wá, ó fọwọ́ sí gbogbo ètò náà, kò sì lè wo Ọláfúnkẹ́ lójú. Hàjàrá ń tọ́jú egbò náà nílé ìyá rẹ̀ títí ó fi jinná, Wosilat sì gba Ọ̀fà lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀ka náà ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn yàrá náà, Ọláfúnkẹ́ á kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.