Kò-ní-jò Pààrọ̀ Mọ́dẹ́ẹ̀mù

Kò-ní-jò ni gbogbo àdúgbò ń pe púlọ́ńbà yìí, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi fa orúkọ náà. Bó bá ti so páìpù onílé tán, á fi àkísà nu ọwọ́, á rọra gbá ògiri, á ní, "Ó parí. Kò ní í jò." Ká sòótọ́, kì í jò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tí nǹkan kì í jò lọ́wọ́ rẹ̀ lè máa rò pé kò sí ohun tí òun ò lè so láyé.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mọ́dẹ́ẹ̀mù ilé wọn kú, tí àwọn oníńtánẹ́ẹ̀tì fi tuntun ránṣẹ́ nínú páálí, tí wọ́n ní àwọn á rán ẹni tó máa bá wọn so ó, ọkùnrin yìí fàáké kọ́rí. Ó ti rí i pé ẹnu wáyà tó ń ti títì bọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń yí wọlé, gẹ́lẹ́ bí ẹnu páìpù. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Nítorí nǹkan tí wọ́n ń yí ni ẹnì kan ṣe fẹ́ wá bá mi nílé? Èmi?" Ó so ó ní àárọ̀ kùtù, ó fi sípánà fún un gírígírí, ó gbá ògiri. Síbẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì ò wọlé.

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, wọn ì bá fi ṣẹ̀fẹ̀. Àmọ́ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó kọ́ṣẹ́ àwòrán ilé yíyà, ní íntáfíù lórí kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá irú iṣẹ́ náà. Ìlú tí iṣẹ́ ọ̀hún wà jìnnà gan-an, àwọn tó fẹ́ gbà á sì ti sọ pé àwọn ò ní í dá ọjọ́ mìíràn. Fóònù ò lè gbà wọ́n, torí kòtò ni ilé wọn wà: ojú fèrèsé ilé ìdáná nìkan ni fóònù ti ń gbọ́ràn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló sì mọ. Bó bá di fídíò, àwòrán á dúró gbagidi. Àwọn aládùúgbò sì ti tilẹ̀kùn lọ síbi iṣẹ́.

Lánàá gan-an, nídìí oúnjẹ, Kò-ní-jò ti béèrè lọ́wọ́ àwo iwájú rẹ̀ pé, "Ṣé wọn kì í kọ́ ilé níbí ni?"

"Bàbá, wáífáì wà," ọmọ náà ní láàárọ̀ ọjọ́ íntáfíù náà, "ó tiẹ̀ kún dẹ́nu. Íńtánẹ́ẹ̀tì ni kò sí."

"Báwo ni ìkan ṣe máa wà tí ìkejì ò ní í sí?"

Àpótí méjì ló wà nílé wọn. Mọ́dẹ́ẹ̀mù ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti inú wáyà, àpótí kejì, oníwo méjì, ń pín in kiri ilé láìlo wáyà. Oníwo yìí ni Kò-ní-jò dá lẹ́bi. Ó gbé e kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, ó gun àga, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ.

"Táǹkì kì í gbélẹ̀," ó ní. "Òkè ni nǹkan ti ń ṣàn wálẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ wàhálà yìí, jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ife tíì. "Ṣé kí n gbé korobá sábẹ̀ ẹ̀?"

Wọ́n pa á, wọ́n tàn án. Wọ́n tẹ pásíwọ́ọ̀dù títí ìka fi ń ro wọ́n. Wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé e padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Aláìsàn tẹ́ ẹ ò bá mọ ohun tó ń ṣe é," nọ́ọ̀sì ní, "ẹ kì í kàn máa ti bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ kiri. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ pe àwọn tó ni nǹkan wọn."

Kò-ní-jò ráhùn, ó sì lọ pe àwọn oníńtánẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló gbé e. Torí pé ilé ìdáná ni fóònù wà, tí mọ́dẹ́ẹ̀mù sì wà ní pálọ̀, igbe ni tọkọtìyàwó fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

"Ó ní iná mélòó ló ń tàn!"

"Mẹ́ta! Ìkẹrin ń ṣẹ́jú!"

"Báwo ló ṣe ń ṣẹ́jú!"

"Bẹ́ ẹ ṣe ń ṣẹ́jú sí mi nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá tún páìpù bàbá mi ṣe!"

Ọmọbìnrin orí fóònù gbọ́ ọ kedere. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ní kí wọ́n forí ji òun. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé iná wáyà tó ń ti ìta wọlé ni ìkẹrin yẹn, ṣe ló yẹ kó dúró jẹ́ẹ́. "Wáífáì ò ṣẹ̀ yín, bàbá. Ohun tó máa pín lòun náà ń retí. Nǹkan wa sì dáa dé ara ògiri yín. Ṣé ẹ so wáyà yẹn dáadáa?"

"Ọmọ mi, nǹkan tí mo bá so kì í jò."

"Ẹ ṣáà bá mi tú u, kẹ́ ẹ wo ẹnu rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún un so, ẹ jẹ́ kí iná yẹn dúró kẹ́ ẹ tó tan wáífáì."

Ìyẹn yé e: omi ní láti kún táǹkì kéèyàn tó ṣí ẹ̀rọ. Ó dúpẹ́. Àmọ́ ṣé ó lọ tú u? Rárá o! Kí wọ́n ní kó tú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ so, èébú ni létí rẹ̀. Ìta ló gbà lọ, ó ń tọ wáyà lẹ́sẹ̀ ògiri, ó ń wá eku tó gé e jẹ. Kò rí eku kankan.

Nígbà tó wọlé, ọmọ rẹ̀ dúró láàárín pálọ̀. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ti dirun, sílípáàsì ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ ò fẹ́ kí n lọ ni?"

"Kí lo wí?"

"Lánàá ẹ ní ṣé wọn kì í kọ́ ilé níbí. Lónìí ẹ ò jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n so wá. Ẹ sọ ọ́ fún mi, mi ò ní í bínú."

"Kí n mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ jẹ́? Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi?"

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: iṣẹ́ ló gbèjà, kò dáhùn ìbéèrè. Ọmọ náà kíyè sí i. Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ká ní ó fipá gbá a dé gbàmù ni, ì bá tu bàbá rẹ̀ lára díẹ̀.

Kò-ní-jò lóṣòó, ó fi sípánà tú wáyà. Ó wo ẹnu rẹ̀, ẹnu tirẹ̀ náà sì là sílẹ̀. Téèpù funfun ni! Téèpù táwọn púlọ́ńbà ń wé mọ́ ẹnu páìpù kómi má baà jò, ó ti wé e yíká, wéwé débi tó fi ṣẹ́ po bo irin tíńtín tó yọ láàárín. Kò tiẹ̀ rántí pé òun ṣe é. Ọwọ́ tó ti ń wé téèpù láti ìgbà èwe kì í bi orí léèrè mọ́.

Ẹ̀rín fẹ́ pa á. Àfi bó ṣe dá a dúró lójijì, torí ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Bó bá yí wáyà náà padà bó ṣe wà, aago mẹ́ta á kọjá, àwọn oníńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ilé á máa bú. Ohùn ọmọ rẹ̀ á ṣì máa jí i láàárọ̀, á ṣì máa bá a jà lórí bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù ilé tí kò ní sí ohùn yẹn ń bà á gan-an, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń bà á.

Ìyàwó rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò-ní-jò yára di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ẹnu wáyà náà.

"Ṣé ẹ ti rí i?"

"Mi ò tíì rí i."

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀ṣẹ́ náà. Ẹni tó ń fi ibi tó ń dun òun pa mọ́ kò ṣàjèjì sí i. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Èmi náà ò fẹ́ kó lọ," ó ní. "Mo ti sunkún tèmi ní bálùwẹ̀ láàárọ̀. Ẹ bá mi wá a dáadáa."

Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò-ní-jò bó téèpù náà kúrò. Ó fi etí ẹ̀wù nu irin tíńtín ọ̀hún, ó fi ìka lásán yí i wọlé, kò fọwọ́ kan sípánà. Iná kẹrin ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú, ó wá dúró. Ó gbé oníwo sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tàn án.

"Bàbá!" Igbe ti inú yàrá jáde. "Ó ti wọlé!"

Ní gbogbo ìgbà tí íntáfíù fi ń lọ, orí àpótí ìjókòó kan ni Kò-ní-jò wà lọ́dẹ̀dẹ̀, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣí ẹ̀rọ omi.

"Kí ló kan omi níbẹ̀?" ìyàwó rẹ̀ béèrè wúyẹ́wúyẹ́.

"Má ṣáà ṣí i."

Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ náà dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. "Wọ́n gbà mí. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀."

Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ń fò sókè bí ọmọdé. Kò-ní-jò ò dìde lórí àpótí. Ó na ọwọ́, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, téèpù náà ti ká jọ síbẹ̀.

"Èmi ni. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀, àmọ́ èmi ni. Nígbà tí mo sì rí i, ó ṣe mí bíi kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà wo téèpù, ó wo bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ fi téèpù wé íńtánẹ́ẹ̀tì?"

"Mo ṣe bí ọwọ́ mi ṣe mọ̀ ọ́n ṣe."

Àwọn obìnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ìyá fi jókòó sílẹ̀. Ọmọ náà wá fìdí kalẹ̀ ti bàbá rẹ̀ lórí àpótí kékeré tí kò gba èèyàn méjì, ó gbórí lé e léjìká.

"Níbi tí mò ń lọ, bí mọ́dẹ́ẹ̀mù bá bà jẹ́ ńkọ́?"

"Pe àwọn tó ni ín. Má pe mí." Ó ki téèpù náà bọ àpò. "Àmọ́ bí ẹ̀rọ omi bá kán tó, ẹ̀kán kan péré, má jẹ́ kí púlọ́ńbà kankan fọwọ́ kàn án. Gbé abọ́ sábẹ̀ ẹ̀, kó o dúró dè mí. Mò ń bọ̀."