Báàjì Ọwọ́ Míìsì Haddix

Ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wa ní Kentucky, ẹni tó bá ń parí ló máa ń yan ẹni tí yóò fi báàjì sí i láyà lọ́jọ́ ayẹyẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yan ìyá wọn. Èmi ní tèmi yan Míìsì Haddix, olórí àwọn olùkọ́ wa. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Òun nìkan ni mo sọ àṣírí mi fún: bí wọ́n bá ti gbé ìdánwò kọ̀ǹpútà síwájú mi, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, ohun tí mo mọ̀ dáadáa á sì fò lọ. Ó ní kí n máa kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nírọ̀lẹ́, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo kọ́ wọn. Kaylin, ọmọ ogún ọdún tó ń pè mí ní Màmá Delphia, kò mọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yàtọ̀ sí ti ìtọ̀ ṣúgà kí n tó kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, Míìsì Haddix fi báàjì sí mi láyà, ó gbá mi mọ́ra. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì gidi rèé." Mo sunkún bí ọmọdé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé àṣẹ láti ṣe ìdánwò ìjọba tẹ àwọn yòókù lọ́wọ́. Tèmi kò dé. Ilé ìwòsàn ìlú sì ti fi iṣẹ́ dè mí, kìkì ìdánwò yẹn ló kù. Mo wá Míìsì Haddix lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Jókòó, Delphia. Mi ò tíì fi orúkọ ẹ ránṣẹ́ síjọba."

"Kí ló dé, mà? Ṣé mo feèlì nǹkan kan ni?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n tí èèyàn méjì péré bá tún feèlì lọ́dún yìí, ìjọba á ti ilé ẹ̀kọ́ yìí pa. Ìwọ fúnra ẹ lo sì sọ pé ọwọ́ ẹ máa ń gbọ̀n."

"Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún."

Ó wo tábìlì. "Oṣù mẹ́fà péré ni wàá fi dúró. Wàá máa bá mi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kọ́ bíi tìẹ."

"Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fi báàjì sí mi láyà, ṣé ẹ ti yọ orúkọ mi kúrò?"

"Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta nígbà yẹn."

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, ojú sì tì mí débi pé mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n so aṣọ gbàgàdà kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ ọ́ sí i pé: gbogbo ẹni tó jókòó fún ìdánwò ló yege. Kaylin pè mí lórí fóònù.

"Màmá Delphia, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn jáde nínú ìdánwò o. Ohùn yín ni mò ń gbọ́ létí. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni wọ́n bi yín?"

"Wọn ò bi mí ní nǹkan kan," ni mo wí.