Òjò Tí Olùkọ́ Rọ̀

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ yìí kì í sọ ọ̀rọ̀ ṣákálá. Bó bá fẹ́ mumi lásán, yóò kọ́kọ́ fi omi ọ̀hún wé nǹkan kan ná. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, àlàyé ẹ̀dá ìtàn àti ibùdó ìtàn ló ń ṣe fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ débi pé ó gbàgbé pátápátá pé òun ló yẹ kó lọ gbé ìyá ìyàwó òun níbùdókọ̀.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ìyá mi ńkọ́?"

Olùkọ́ ò tiẹ̀ mira. "Háà, ìyá àwọn ọmọ mi! Òjò rọ̀ bí ẹni da odindi òkun lé mi lórí. Ìjì ń bú mi bí orogún ìyá mi. Táyà ọkọ̀ figbe ta, ó ní, 'Mo kú o!'"

Ìyàwó rẹ̀ wo bàtà rẹ̀ tí eruku ti bò. "Àfiwé wà níbẹ̀, àsọdùn wà níbẹ̀, táyà pàápàá ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ẹ kú iṣẹ́. Ibùdó ìtàn nìkan ló kù: ìlú wo lòjò yìí ti rọ̀?"

Kó tó fèsì, ìyá ìyàwó rẹ̀ ti inú pálọ̀ yọ, ó ń fi etí aṣọ nu òógùn. Takisí ló ti gbé e wálé kí olùkọ́ tó dé.

"Ìtàn yín dùn, àna mi. Tèmi ò ní àfiwé kankan: inú òòrùn lẹ gbàgbé mi sí."