Òṣé Mọ́mì Rìnsọ́lá

Ní gbogbo Wakefield, ní Bronx, New York, kò sẹ́ni tó lè fọ́nnu tó Kànmí. Tó bá pàdé ológbò ní White Plains Road, kó tó délé, ẹkùn ni. Nígbà tó wá jókòó sí pálọ̀ Mọ́mì Rìnsọ́lá lọ́jọ́ Sunday kan, tó ń jẹ ìrẹsì wọn, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ wọn lábẹ́lẹ̀, ó ní òun ti pa tòlótòló inú igbó rí. Kì í ṣe ẹyọ kan o. Ó ní àwọn tó ṣẹ́ kù ti kó lọ sí Canada nítorí òun.

Mọ́mì Rìnsọ́lá ti ṣe nọ́ọ̀sì pẹ́ débi pé láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń mọ aláìsàn tó ń purọ́ pé òun ti lo oògùn. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Kànmí."

"Mà."

"O fẹ́ mú àwọn èèyàn ẹ wá tọrọ ọmọ mi, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Èmi àti ẹ la jọ ń lọ sígbó yẹn. Tí mo bá fojú ara mi rí i pé o pa tòlótòló, kí wọ́n máa bọ̀. Tí mi ò bá rí i, á jẹ́ pé ẹnu lásán ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi. Mi ò lọ́mọ tí mo fẹ́ fún ẹnu."

Rìnsọ́lá wo Kànmí. Kànmí wo ẹran inú abọ́ ẹ̀. Lóòótọ́ ló ti gba láísẹ́ǹsì ọdẹ, ó sì níbọn, àmọ́ páálí nìkan ni ìbọn yẹn ti pa rí.

Nígbà tí àsìkò ọdẹ tòlótòló dé lóṣù karùn-ún, Andrew, òyìnbó tí òun àti Kànmí jọ ń ṣiṣẹ́, ní kí wọ́n lọ lo igbó bàbá òun lókè Catskill. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí Kànmí àti Mọ́mì débẹ̀. Mọ́mì wọ jákẹ́ẹ̀tì òtútù méjì, wọ́n gbé fíláàsì Milo dání, wọ́n tẹ́ ìró sídìí igi bíi pé ìsìn ìta gbangba ni wọ́n wá.

Kànmí fa àpótí pákó kékeré kan yọ. Téèyàn bá ha ìdérí ẹ̀, ó yẹ kó dún bí abo tòlótòló tó ń wá ọkọ. Lọ́wọ́ Kànmí, ó dún bí ilẹ̀kùn train tó há. Akọ kan dáhùn lókè, kòlòkòlòkòlò. Kànmí tún un ha. Ẹyẹ náà dákẹ́.

"Ó ti mọ̀ pé èmi ni, mà," Kànmí sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Jìnnìjìnnì ló bò ó yẹn."

Mọ́mì pòṣé. Kì í ṣe òṣé kékeré. Òṣé abiyamọ Ìbàdàn ni, èyí tó ń ti ẹ̀yìn eyín bọ̀ tó sì ń gba gbogbo ètè kọjá.

Kòlòkòlòkòlò.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pa."

"Ta ló ṣẹ̀ mí? Ṣé èèyàn kàn ń pòṣé lásán ni?"

Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ ná, àmọ́ ó dún bí ẹni tó ń fẹ́ tíì gbígbóná. Ẹyẹ ò dáhùn. Ìgbà yẹn ni Kànmí wá mọ iṣẹ́ tí Ọlọ́run torí ẹ̀ fún òun lẹ́nu.

"Mà, ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ gbogbo ọlọ́pàá New York níbọn yínyìn?"

Òṣé. Kòlòkòlò. Ó ti ń sún mọ́.

"Wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi pe stéṣọ̀n train 233rd Street. Mo ní kí wọ́n má yọ mí lẹ́nu."

Òṣé ńlá. Wọ́n gbọ́ ìró ewé gbígbẹ lẹ́yìn igbó ṣúúrú kan níwájú wọn. Ó ku díẹ̀. Àmọ́ èjìká Mọ́mì ti ń mì. Ẹ̀rín ni wọ́n ń pa mọ́ra, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ò sì lè pòṣé. Ẹsẹ̀ ẹyẹ náà dúró.

Kànmí wá irọ́ tó tóbi nínú orí ẹ̀, kò rí ọ̀kan. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí i rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó gbé ìbọn lé orúnkún ẹ̀.

"Mà," ó ní, "mi ò pa tòlótòló rí. Mi ò pa nǹkan kan rí. Páálí ni mo máa ń yìn. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ fẹ́ràn mi ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú Mọ́mì. Wọ́n wò ó láti fìlà dé bàtà. Òṣé tí wọ́n pa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé wọ́n gbọ́ ọ ní Bronx.

Akọ tòlótòló sáré jáde bí ọkọ ìyàwó tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó na ìrù bí abẹ̀bẹ̀, orí ẹ̀ pupa, irun tó gùn láyà ẹ̀ bí irùngbọ̀n ń wọ́lẹ̀. Kànmí ò mí. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Ẹyẹ ṣubú.

Mọ́mì ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe máa ń yẹ aláìsàn wò.

"Ó ti kú," ni wọ́n wí. Wọ́n da Milo sínú ìdérí fíláàsì, Kànmí ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e fún. "Mu. Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n."

Nígbà tí wọ́n pa dà dé Wakefield, Rìnsọ́lá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kànmí lanu, àmọ́ Mọ́mì ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹ̀.

"Rìnsọ́lá, ó tó ewúrẹ́. Ó bínú wá bá wa ni, ó fẹ́ ṣá mi lójú. Ọmọ yìí ò tiẹ̀ mira." Wọ́n yíjú sí Kànmí, tó gbé ẹyẹ náà dání nínú kúlà kékeré. "Àbí mo purọ́?"

"Ẹ tiẹ̀ dín in kù, mà."

Mọ́mì pòṣé, àmọ́ ẹ̀rín ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n gba kúlà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Sọ fún àwọn èèyàn ẹ kí wọ́n máa bọ̀ ní Saturday. Kí wọ́n má jẹun wá."