Nọ́ńbà Mẹ́tàlélógún

4.
…torí náà, ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó kọ ọ́.

5.
Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógójì nílé iṣẹ́ ọṣẹ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta péré ló tíì lò nídìí ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dá a lójú, wọ́n sì gbà á gbọ́.

6.
ÌWÉ ÌBÉÈRÈ
(Ẹ má kọ orúkọ)
Ṣé iṣẹ́ yín tẹ́ yín lọ́rùn? ☐ Bẹ́ẹ̀ ni ☐ Rárá
Ta lẹ̀ ń bẹ̀rù níbi iṣẹ́?

7.
Mẹ́rìnlá kọ "Ọlọ́run nìkan." Ẹnì kan kọ "Ìyàwó mi." Akẹ́kọ̀ọ́ ń rẹ́rìn-ín títí ó fi kan nọ́ńbà mẹ́tàlélógún:

"Máníjà ní ká yọ irin tó bo abẹ ẹ̀rọ, kí iṣẹ́ lè yá. Lánàá, ó ku díẹ̀ kó gé mi lọ́wọ́. Òun ni mò ń bẹ̀rù."

8.
Nọ́ńbà kẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà kékeré sẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ tún bi wọ́n léèrè lóṣù tó ń bọ̀, kó lè fi ìdáhùn wéra. Orúkọ gbogbo wọn pẹ̀lú nọ́ńbà wọn wà lórí ìwé kan nínú báàgì rẹ̀. Kò rò pé irọ́ lòun pa.

8, lẹ́ẹ̀kan sí i.
Ó rò ó.

9.
Àǹtí rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀, ni mẹ́tàlélógún.

10.
Ó da ọ̀rọ̀ yẹn kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́ sínú àbọ̀ ìwádìí tó fún máníjà.

MÁNÍJÀ: Ta ló kọ eléyìí?
AKẸ́KỌ̀Ọ́: Ẹ jọ̀ọ́ sà, a kì í sọ ọ́.
MÁNÍJÀ: Ṣé o ò lè sọ ọ́ ni, àbí o ò mọ̀ ọ́n?
AKẸ́KỌ̀Ọ́:
MÁNÍJÀ: O mọ̀ ọ́n nìyẹn.

11.
ÌKÉDE
Kí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ yọjú kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. A ò ní bínú.

12.
ÀǸTÍ: Wọ́n ní wọ́n máa lé ẹni náà
ÀǸTÍ: O ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀
AKẸ́KỌ̀Ọ́: Ẹ fọkàn balẹ̀ mà
ÀǸTÍ: Ọmọ mẹ́ta ló ń jẹun lọ́wọ́ mi o

13.
Ó ya ìwé orúkọ náà wẹ́wẹ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí ìwé ti wà nínú orí rẹ̀ náà.

14.
Ọjọ́ Jímọ̀. Máníjà to gbogbo wọn sí ìlà kan.

"Mi ò ní kó o sọ nǹkan kan," ó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ létí. "Ṣáà máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi á máa wo ojú ẹ."

15.
Ẹ kú iṣẹ́ sà.
Ẹ kú iṣẹ́ mà.
Ẹ kú iṣẹ́ mà.

16.
Bó bá wo ojú àǹtí rẹ̀, máníjà á mọ̀. Bó bá yẹra fún un, máníjà á mọ̀.

17.
Ó ku ẹnì kan láàárín wọn. Àǹtí rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.